Ọjà Títà Kì í Ṣe Èrè: Bí Onímọ̀ Owó-orí Ṣe Lè Máa Tọpa Òfin Tuntun ní Bassila, Manigri àti Alédjo

Àkótán

Lọ́dọọdún ni òfin owó-orí ń yí padà ní orílẹ̀-èdè Benin, èdè Faransé ni wọ́n sì fi ń kọ ọ́. Ní Bassila, Manigri àti Alédjo, ẹnu ni òfin náà ń gbà dé etí ẹni tí yóò san owó. Àlàyé tí iṣẹ́ yìí ń ṣe ni pé ẹni tí ó ń fi owó-orí ṣiṣẹ́ kò lè tọpa ìyípadà òfin bí kò bá tọpa ìyípadà ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. A yẹ ibi mẹ́ta wò: ohun tí wọ́n ń ka owó-orí lé lórí, ìwọ̀n tí wọ́n ń gbà nínú rẹ̀, àti ọjọ́ tí òfin bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní ibi kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ Yorùbá kan wà tí ó lè ṣi olùgbọ́ lọ́nà. Ní ìparí, a dá ìlànà kan lábàá fún títọ́jú èdè-ìperí owó-orí.

Kókó ọ̀rọ̀: owó-orí, èdè-ìperí, ìtumọ̀, Nàgó Manigri, TPS, Benin

1. Ìfáárà

Bassila wà ní ẹkùn Donga, ní orílẹ̀-èdè Benin, lójú ọ̀nà tí ó gba Savalou àti Bantè kọjá lọ sí Djougou. Ìpín mẹ́rin ni agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ náà ní: Bassila fúnra rẹ̀, Manigri, Pénéssoulou àti Alédjo. Anii ni èdè ìlú Bassila. Ní Manigri, ẹ̀yà èdè tí ó jẹ́ ẹbí Yorùbá, tí a mọ̀ sí Nàgó Manigri, ni wọ́n ń sọ. Ní Alédjo, Tem, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní Kotokoli, ni ó gbilẹ̀. Kò ṣàjèjì pé kí oníṣòwò kan fi èdè méjì tàbí mẹ́ta ná ọjà láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo.

Òfin tí ó sọ iye tí oníṣòwò yìí yóò san fún ìjọba kò sí nínú ọ̀kankan nínú àwọn èdè wọ̀nyí. Faransé ni èdè ìjọba, Faransé náà sì ni èdè ìwé òfin owó-orí. Nítorí náà, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró láàárín. Ó lè jẹ́ oníṣirò-owó, ó lè jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ owó-orí, ó sì lè jẹ́ ọmọ tí ó ka ìwé jù nínú ẹbí. Ẹni tí ó dúró láàárín yìí ni a ní lọ́kàn nínú iṣẹ́ yìí, pàápàá ẹni tí ó fi í ṣe iṣẹ́ jẹun.

Bí wọ́n bá bi irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé báwo ni ó ṣe ń tọpa òfin tuntun, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé òun ń ka ìwé, òun ń lọ sí ìpàdé ìdánilẹ́kọ̀ọ́, òun sì ń wo ojú òpó ilé-iṣẹ́ owó-orí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Gbogbo rẹ̀ dára. Síbẹ̀, ẹni tí ó ka gbogbo òfin náà lè délé kí ó fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ba iṣẹ́ jẹ́. Kì í ṣe máàkì ìdánwò ni yóò bọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Owó ni ìyá ọlọ́jà yóò san ju bí ó ti yẹ lọ, tàbí kí ó san án dín, kí ìtanràn sì wá bá a lẹ́yìn.

Yorùbá àjùmọ̀lò ni a fi kọ iṣẹ́ yìí. Nàgó Manigri ní ìró àti ọ̀rọ̀ tirẹ̀, a kò sì sọ pé ohun gbogbo tí a sọ níhìn-ín bá a mu wẹ́kú. Àwọn ìfọ̀rọ̀wérọ̀ àti ìṣirò tí a lò jẹ́ àpẹẹrẹ tí a gbé kalẹ̀ fún àlàyé nìkan. A kò gbà wọ́n lẹ́nu ẹnì kan pàtó.

2. Orúkọ kò yí, owó ń yí

Ọ̀rọ̀ náà owó-orí fúnra rẹ̀ ni ó yẹ kí a fi bẹ̀rẹ̀. Àkànpọ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ méjì ni: owó àti orí. Ohun tí ó ń sọ ṣe kedere. Wọ́n ka orí, orí kọ̀ọ̀kan san iye kan. Irú owó-orí bẹ́ẹ̀ ni ìjọba Faransé gbé wọ Dahomey ní ìbẹ̀rẹ̀ ìjọba amúnisìn. Fọn náà ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ bákan náà: takwɛ́, nínú èyí tí ta jẹ́ orí, tí akwɛ́ sì jẹ́ owó. Ní ìhà kejì ẹnubodè, owó-orí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì mú wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbá wà lára ohun tí ó fa Ogun Àdùbí ní ọdún 1918. Owó-orí náà ni ó kó àwọn àgbẹ̀ jọ nínú ìjà Àgbẹ̀kọ̀yà ní ọdún 1968 sí 1969.

Lónìí, nínú àwọn owó-orí tí a ó mẹ́nu bà níhìn-ín, kò sí ọ̀kan tí wọ́n ń ka orí fún. Ọ̀kan ń ka ọjà tí a tà, ọ̀kan ń ka owó oṣù, òmíràn ń ka iye tí a san lórí ọjà tàbí iṣẹ́ tí a rà. Síbẹ̀ owó-orí ni a ń pe gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ orúkọ ohun kan pàtó ti fẹ̀ títí ó fi di orúkọ gbogbogbòò. Àwọn tí wọ́n wà lábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ṣì di ìtumọ̀ wọn mú, kò pọ̀. Owó-ibodè ṣì ń sọ ibi tí wọ́n ti ń gbà á. Ìṣákọ́lẹ̀ ṣì ń sọ pé ilẹ̀ onílẹ̀ ni a ń dá.

Ìtumọ̀ tí ó fẹ̀ kì í ṣe àbùkù èdè. Ohun tí ó yẹ kí onímọ̀ owó-orí fi sọ́kàn ni pé ọ̀rọ̀ náà kì í kígbe nígbà tí ohun tí ó ń tọ́ka sí bá yí padà. Ẹni tí ó gbọ́ owó-orí lọ́dún tó kọjá yóò gbọ́ owó-orí lọ́dún yìí, yóò sì rò pé ohun kan náà ni. Ohun tí ó yí wà ní abẹ́ orúkọ náà, ibẹ̀ ni a sì gbọ́dọ̀ wò.

3. Ibi tí ìyípadà ti ń wá

Òfin ìpìlẹ̀ Benin ti ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990 sọ nínú àpólà 98 pé òfin tí Ilé Aṣòfin bá ṣe ni yóò sọ nǹkan mẹ́ta nípa owó-orí èyíkéyìí: ohun tí wọ́n ń kà á lé lórí, ìwọ̀n rẹ̀, àti bí wọn yóò ṣe gbà á. Nǹkan mẹ́ta yìí ni ó yẹ kí ẹni tí ó ń tọpa òfin fi ṣe ìbéèrè mẹ́ta. Kí ni wọ́n ń kà? Mélòó ni wọ́n ń gbà nínú rẹ̀? Báwo ni wọ́n ṣe ń gbà á, láti ọjọ́ wo?

Ìwé òfin owó-orí tí ó wà lóde báyìí wá láti inú òfin nọ́ńbà 2021-15 ti ọjọ́ 23 oṣù kejìlá ọdún 2021. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2022. Ṣùgbọ́n ìwé náà kì í sùn. Ní ìparí ọdún kọ̀ọ̀kan, Ilé Aṣòfin a máa dìbò fún òfin ìṣúná ọdún tí ń bọ̀, inú òfin ìṣúná yìí sì ni àtúnṣe àwọn àpólà ìwé òfin owó-orí máa ń wà. Lẹ́yìn náà, ilé-iṣẹ́ owó-orí orílẹ̀-èdè, DGI, a máa gbé ìwé àlàyé jáde. Lókè gbogbo èyí ni àjọ UEMOA wà, tí ìlànà rẹ̀ ti ọdún 1998 pàṣẹ pé ìwọ̀n owó-orí ọjà, TVA, gbọ́dọ̀ wà láàárín 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún ní àwọn orílẹ̀-èdè ọmọ ẹgbẹ́. Benin àti Togo wà ní 18. Ètò ìṣirò-owó OHADA pẹ̀lú, tí àtúnṣe rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2018, ni ó ń sọ bí ilé-iṣẹ́ yóò ṣe kọ ìwé rẹ̀.

Nítorí náà, ìròyìn rédíò kò tó. Ohun tí ó ń ṣiṣẹ́ ni kí a gbé àpólà àtijọ́ àti àpólà tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí a wo ọ̀rọ̀ tí ó jábọ́, ọ̀rọ̀ tí ó wọlé, àti nọ́ńbà tí ó yí. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ èdè tí ó ti fi ẹ̀dà méjì ìtàn kan wéra rí mọ iṣẹ́ yìí dáadáa.

4. Ohun tí wọ́n ń kà: tà, pa, jẹ

Owó-orí tí ó kan oníṣòwò kékeré jù ní Bassila ni èyí tí Faransé ń pè ní taxe professionnelle synthétique, TPS. Gẹ́gẹ́ bí ìwé òfin ọdún 2022 ti wí, ó wà fún ẹni tí ọjà rẹ̀ lọ́dún kò bá ju mílíọ̀nù 50 fráǹkì CFA lọ. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 5 nínú ọgọ́rùn-ún, kò sì gbọ́dọ̀ dín sí 10,000 fráǹkì. Ohun tí wọ́n ń kà ni chiffre d'affaires.

Ibi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Kí ni a ó pe chiffre d'affaires ní Yorùbá? Jẹ́ kí a wo bí ìbéèrè náà ṣe lè lọ láàárín oníṣirò-owó kan àti ìyá tí ó ń ta ìrẹsì.

— Ìyá, ẹ kú ọjà o. Èló lẹ pa lọ́dún tó kọjá?

— Ọmọ mi, mo dúpẹ́. Gbogbo ohun tí mo pa kò ju 400,000 lọ.

Oníṣirò-owó kọ 400,000 sílẹ̀, ó sì ṣe ìṣirò rẹ̀: 5 nínú ọgọ́rùn-ún, 20,000 fráǹkì. Kò sí ẹni tí ó purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Ọ̀rọ̀-ìṣe náà pa ni ó ní ojú méjì. Ẹni tí ó bá ní òun pa owó lè máa sọ gbogbo owó tí ó wọ inú àpò rẹ̀, ó sì lè máa sọ èyí tí ó kù lẹ́yìn tí ó ti yọ ojú owó rẹ̀. Ìyá yìí gbọ́ ọ ní ọ̀nà kejì. Òfin sì ń béèrè ti àkọ́kọ́.

Èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀-ìṣe méjì mìíràn tí wọn kò ní ìṣòro yìí. Tà ń sọ ti ọjà: èló lẹ tà? Jẹ ń sọ ti èrè: èló lẹ jẹ lórí rẹ̀? Bí a bá tún ìbéèrè náà ṣe, yóò rí báyìí:

— Ìyá, gbogbo owó tí àwọn oníbàárà kà lé yín lọ́wọ́ láti oṣù kìíní títí dé oṣù kejìlá, kí ẹ tó yọ owó ìrẹsì tí ẹ rà, kí ẹ tó yọ owó ọkọ̀, èló ni?

— Háà, ìyẹn á tó mílíọ̀nù mẹ́ta.

5 nínú ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù mẹ́ta jẹ́ 150,000 fráǹkì. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín 20,000 àti 150,000 kì í ṣe ti òfin, nítorí òfin kò yí láàárín ìbéèrè méjèèjì. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ni ó yí. A tún gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ó fara hàn níbẹ̀: 150,000 nínú èrè 400,000 ju ìdámẹ́ta èrè náà lọ. Ọlọ́jà tí èrè rẹ̀ kéré lórí ọjà púpọ̀ ni irú owó-orí yìí ń wúwo fún jù. Bí ìyá náà bá mọ̀ èyí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, yóò fi owó pamọ́ díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá di ọjọ́ ìsanwó kí ó tó mọ̀, owó tí ó fẹ́ fi ra ọjà ni yóò san.

Àpólà-orúkọ tí a máa ń bá pàdé, owó tí ń wọlé, kò dára ju pa lọ. Ó lè túmọ̀ sí gbogbo owó ọjà, ó sì lè túmọ̀ sí owó iṣẹ́ tí a jẹ. A dábàá àpapọ̀ owó ọjà títà fún chiffre d'affaires, kí a sì fi èrè sílẹ̀ fún ohun tí ó kù. Ó gùn, ṣùgbọ́n kò ní ojú méjì.

5. Ìwọ̀n: ìdá márùn-ún àti ìdámárùn-ún

Ìṣòro kejì wà nínú bí a ṣe ń ka ìdá. Ìlànà Yorùbá ni pé ìdá tí nọ́ńbà kan tẹ̀ lé ń sọ iye ọ̀nà tí a pín nǹkan sí: ìdámẹ́ta ni ọ̀kan nínú mẹ́ta, ìdámárùn-ún ni ọ̀kan nínú márùn-ún. Bí a bá fẹ́ sọ ju ọ̀kan lọ, a ó sọ nọ́ńbà méjì: ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún wà ní ìlànà kejì yìí.

Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, àwọn ènìyàn máa ń gé gbólóhùn kúrú. Ẹni tí ó ti sọ nínú ọgọ́rùn-ún lẹ́ẹ̀mẹ́ta yóò fi í sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹrin: "ìdá márùn-ún ni wọ́n ń gbà." Ìró rẹ̀ àti ohùn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ìdámárùn-ún rárá. Àlàfo tí ó wà láàárín wọn, inú ìwé nìkan ni ó wà, etí kò gbọ́ ọ. Ìyá tí ó ta ọjà mílíọ̀nù mẹ́ta yóò gbọ́ pé 600,000 ni wọn yóò gbà lọ́wọ́ òun. Ẹni tí èrè rẹ̀ jẹ́ 400,000 kò ní dúró gbọ́ àlàyé kankan mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Bóyá kò tilẹ̀ ní wá forúkọ sílẹ̀.

Ìṣìgbọ́ yìí kò lọ sí ọ̀nà kan náà nígbà gbogbo. Bí nọ́ńbà bá kéré sí 10, gígé gbólóhùn kúrú yóò mú kí owó-orí dà bí èyí tí ó pọ̀ jù: 5 nínú ọgọ́rùn-ún di ọ̀kan nínú 5. Bí nọ́ńbà bá ju 10 lọ, yóò mú kí ó dà bí èyí tí ó kéré: TVA tí ó jẹ́ 18 nínú ọgọ́rùn-ún yóò di ọ̀kan nínú 18, nǹkan bí fráǹkì 56 lórí ẹgbẹ̀rún dípò 180. Orí 10 nìkan ni ọ̀nà méjèèjì ti pàdé, nítorí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún àti ìdámẹ́wàá jẹ́ iye kan náà. Ó sì ṣeé ṣe kí ìdámẹ́wàá tí àwọn ènìyàn mọ̀ nínú ìsìn wà lára ohun tí kò jẹ́ kí a tètè rí ìṣòro náà. Ọ̀nà àbáyọ kò le: kí a fi fráǹkì sọ ọ́. "Nínú ẹgbẹ̀rún fráǹkì kọ̀ọ̀kan tí ẹ tà, 50 ni ti ìjọba." Kò sí ìdá níbẹ̀, kò sì sí ohun tí a lè gé kúrò.

Ohun kejì lábẹ́ ìwọ̀n ni owó-orí owó oṣù, ITS, tí ìwé òfin ọdún 2022 fi rọ́pò IPTS. Lẹ́tà kan péré ni ó jábọ́ lára orúkọ, ṣùgbọ́n ìṣirò rẹ̀ di tuntun. Láti orí fráǹkì kìíní títí dé 60,000 lóṣù, kò sí owó-orí. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 10 nínú ọgọ́rùn-ún láti ibẹ̀ dé 150,000. 15 títí dé 250,000. 19 títí dé 500,000. 30 lórí ohun tí ó bá lé sí i. Owó oṣù tí ó kéré jù ní Benin di 52,000 fráǹkì láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Ẹni tí ó ń gba iye yìí kò san ITS.

Níhìn-ín, ọ̀rọ̀ kékeré kan, lé, ni ó gbé gbogbo ìtumọ̀ dání. Ẹni tí ó ń gba 200,000 kò san 15 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo rẹ̀, tí yóò jẹ́ 30,000. Kò san nǹkan kan lórí 60,000 àkọ́kọ́. Ó san 9,000 lórí 90,000 tí ó tẹ̀ lé e, àti 7,500 lórí 50,000 tí ó kù. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 16,500. "Owó-orí wà lórí owó tí ó bá lé ní 60,000" kò tíì tó, nítorí a lè gbọ́ ọ pé gbogbo owó náà ni wọ́n ń kà bí ó bá ti lé. "Ohun tí ó fi lé nìkan ni wọ́n ń kà" ni ó pé. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ sọ owó oṣù rẹ̀ di 65,000 láti 60,000 yóò san 500 fráǹkì. Bí ó bá gbọ́ ọ sódì, yóò rò pé 6,500 ni, pé owó tí yóò mú délé yóò dín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. A ti lè rí ẹni tí ó kọ àfikún owó oṣù nítorí irú èrò bẹ́ẹ̀.

6. Ọjọ́: "òfin ti jáde"

Gbólóhùn tí ó wọ́pọ̀ jù nígbà tí òfin tuntun bá dé ni "òfin ti jáde". Ó lè túmọ̀ sí pé Ilé Aṣòfin ti dìbò fún un, tàbí pé ààrẹ ti fọwọ́ sí i, tàbí pé wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn ìjọba, tàbí pé ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin ni ìwọ̀nyí lè jẹ́, gbólóhùn kan ṣoṣo ni a sì ń lò fún wọn.

Ọ̀ràn owó-orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2018 fi èyí hàn. Àṣẹ ìjọba nọ́ńbà 2018-341 ti ọjọ́ 25 oṣù keje ọdún náà gbé owó-orí fráǹkì 5 lé orí mẹ́gábáìtì kọ̀ọ̀kan tí a bá fi lo Facebook, WhatsApp àti irú wọn. Oṣù kẹsàn-án ni ọ̀pọ̀ ènìyàn tó mọ̀ ọ́n lára. Ariwo ta, pàápàá lórí íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, oṣù kẹsàn-án náà kò sì tíì parí tí ìjọba fi fagi lé e. Ẹni tí ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní oṣù keje pé "owó-orí tuntun ti jáde", tí kò sì padà wo ibẹ̀, yóò máa fún àwọn ènìyàn ní ìmọ̀ràn lórí òfin tí kò sí mọ́.

Ìyàtọ̀ àárín ọjọ́ ìfọwọ́sí àti ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ lè kúrú, ó sì lè gùn. Ìwé òfin Benin ti ọdún 2021 kò ju ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ láàárín méjèèjì. Ní Nàìjíríà, òfin owó-orí tuntun tí ààrẹ fọwọ́ sí ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2025 fi ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2026 ṣe ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́fà yẹn, òtítọ́ ni pé òfin ti jáde; òtítọ́ náà ni pé òfin àtijọ́ ni wọ́n ṣì ń lò. Ó yẹ kí a ya àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe náà sọ́tọ̀: wọ́n dìbò fún òfin, wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n fagi lé e.

7. Èdè kan, òfin méjì tàbí mẹ́ta

Àwọn onímọ̀ èdè máa ń fi Manigri àti Kambolé sábẹ́ orúkọ kan, nítorí ẹ̀yà èdè kan náà ni wọ́n ń sọ. Kambolé wà ní Togo. Owó-orí oníṣòwò kékeré ní Togo ń jẹ́ taxe professionnelle unique, TPU, ilé-iṣẹ́ OTR ni ó sì ń gbà á. Òfin rẹ̀ àti ìwọ̀n rẹ̀ kì í ṣe ti Benin. Bí ìbátan méjì bá pàdé níbi ìsìnkú, tí ọ̀kan wí pé "báyìí ni a ṣe ń san owó-orí ọjà wa", èkejì yóò lóye gbogbo ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fi í ṣe ìṣirò. Nínú irú ọ̀rọ̀ yìí, gbígbọ́ èdè ara ẹni lè mú kí ènìyàn rò pé òfin kan náà ni àwọn wà lábẹ́ rẹ̀.

Bákan náà ni ìròyìn Yorùbá láti Nàìjíríà tí ń dé Benin lórí fóònù. Lábẹ́ òfin tuntun ibẹ̀, ẹni tí owó tí wọ́n ń ka owó-orí rẹ̀ kò bá ju 800,000 náírà lọ lọ́dún kò san owó-orí lórí rẹ̀, owó-orí ọjà sì dúró ní 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Níbẹ̀ pẹ̀lú, orúkọ dúró, ìtumọ̀ yí. Ilé-iṣẹ́ kékeré ní òfin àtijọ́ ni èyí tí ọjà rẹ̀ lọ́dún kò ju mílíọ̀nù 25 náírà lọ. Nínú òfin tuntun ó di mílíọ̀nù 100, wọ́n sì fi kún un pé iye dúkìá rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju mílíọ̀nù 250 lọ. Ilé-iṣẹ́ kan lè sùn gẹ́gẹ́ bí ilé-iṣẹ́ tí kì í ṣe kékeré kí ó sì jí gẹ́gẹ́ bí èyí tí ó kéré, láìta ọjà kankan láàárín òru. Akọ̀ròyìn kò ṣe àṣìṣe kankan bí ó bá sọ gbogbo èyí. Ẹni tí ó gbé e wá sí Bassila láìsọ orílẹ̀-èdè ni ó ṣe àṣìṣe.

8. Ìlànà fún títọ́jú èdè-ìperí owó-orí

Nínú ìmọ̀ èdè, a ní àpẹẹrẹ rere. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984 fún wa ní ọ̀rọ̀ tí a fi ń kọ́ni ní ẹ̀ka wa títí di òní. Èdè-ìperí owó-orí yàtọ̀ sí i ní ọ̀nà kan: ọ̀rọ̀-ìṣe kì í yí padà nítorí pé oṣù kejìlá parí, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ ilé-iṣẹ́ kékeré lè yí. Nítorí náà, àkójọ ọ̀rọ̀ tí kò ní ọjọ́ kò lè ran onímọ̀ owó-orí lọ́wọ́. A dábàá pé kí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní káàdì tirẹ̀, kí káàdì náà sì ní nǹkan márùn-ún.

Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà bí ó ṣe wà nínú òfin, pẹ̀lú nọ́ńbà àpólà. Èkejì ni àlàyé rẹ̀ ní Yorùbá, ní gbólóhùn odidi. Ẹ̀kẹta ni ìbéèrè tí a ó fi bi ẹni tí ń san owó. Ẹ̀kẹrin ni àpẹẹrẹ ìṣirò kan tí ó ní nọ́ńbà. Ìkarùn-ún ni ọjọ́ tí ìtumọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, àti ọjọ́ tí ó parí bí ó bá ti parí.

Fún chiffre d'affaires, àlàyé yóò kà pé: àpapọ̀ owó ọjà títà láàárín ọdún kan, kí a tó yọ ohunkóhun. Ìbéèrè rẹ̀ ni èyí tí oníṣirò-owó wa bi ìyá náà lẹ́ẹ̀kejì. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni mílíọ̀nù mẹ́ta tí ó bí 150,000. Ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n tí a fi ṣe ìṣirò náà ni ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2022. Bí òfin ìṣúná kan bá yí ìwọ̀n náà lọ́la, kí a má ṣe fa káàdì àtijọ́ ya. A ó kọ ọjọ́ ìparí sí i, a ó sì ṣe tuntun, nítorí ilé-iṣẹ́ owó-orí ṣì lè padà wá yẹ ìwé ọdún àtijọ́ wò, òfin ọdún yẹn ni wọn yóò sì fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìdánwò káàdì rọrùn. Kí a ka àlàyé àti ìbéèrè sí etí ẹni tí kò ka òfin náà rí, kí a fún un ní nọ́ńbà ọjà, kí ó ṣe ìṣirò fúnra rẹ̀. Bí iye tí ó rí bá yàtọ̀ sí tiwa, kí a má ṣe sọ pé kò gbọ́ Yorùbá. Àlàyé wa ni kí a tún kọ. Iṣẹ́ yìí bá akẹ́kọ̀ọ́ mu dáadáa, pàápàá ẹni tí ó ti Manigri, Bassila tàbí Alédjo wá. Ó lè wádìí bóyá pa ní ojú méjì nínú Nàgó Manigri bí ó ṣe ní nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, bóyá Anii àti Tem ya owó títà sọ́tọ̀ kúrò lára èrè pẹ̀lú ọ̀rọ̀-ìṣe, àti bí èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe ń sọ ìdá.

9. Àgbálọgbábọ̀

Nínú àwọn àpẹẹrẹ tí a yẹ̀ wò, kò sí ibi tí àṣìṣe ti wá láti inú àìka òfin. Oníṣirò-owó tí ó béèrè èló lẹ pa mọ̀ pé 5 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ẹni tí ó sọ ìdá márùn-ún mọ̀ ọ́n pẹ̀lú. Ẹni tí ó wí pé òfin ti jáde ka òfin náà. Ohun tí ó sọnù sọnù láàárín ìwé àti etí, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ onímọ̀ èdè wà.

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Ní ìparí ọdún kọ̀ọ̀kan, òfin ìṣúná tuntun yóò tún dé. Kí onímọ̀ owó-orí tó gbé e lọ sí ọjà Manigri, kí ó mú káàdì rẹ̀, kí ó wo ohun tí wọ́n ń kà, ìwọ̀n rẹ̀ àti ọjọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó wá bi ìyá náà pé èló ni ó tà.